Eegun Tó Kán Kò Mọ Ọjọ́ Launching

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, tí a tún tò fún ìwé yìí

  Àwọn kan nínú yín kò lè wá, inú ìwé yìí ni ẹ ti ń ka ohun tí mo sọ. Ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn jù nígbà tí mo ń tún un tò, nítorí pé àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tán kí wọ́n tó pè mí, oorun sì ti ń kun ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán mi kò le. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran àwọn aláìsàn eegun lọ́wọ́, nítorí pé a fẹ́ dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n rò pé mo kàn máa bẹ̀ yín kí ẹ lawọ́ ni. N óò bẹ̀ yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníròyìn ni mí, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Oregun dé Ọ̀gbà, mo sì ti rí ibi tí àánú ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí n tó na igbá sí yín, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a ti kàwé. Ojú irin gba àdúgbò wa kọjá láti ayé àwọn òyìnbó. Ó ti dé Ìbàdàn láti 1901. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, ìgbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó, nítorí pé 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Guinness dé sí Ọ̀gbà, Cadbury dé sí Àgídìngbì, Dunlop ń ṣe táyà ní Oba Akran títí di 2008 tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló jẹ́ pé iṣẹ́ ṣíńfìtì ni wọ́n fi rán wa nílé ìwé. Ó ti ku díẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá gba Oba Akran kọjá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ óò rí i pé níbi mélòó kan tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀, ìlù àti orin ìyìn ló ń dún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá, àwọn tó ń ṣe páálí, àwọn tó ń rọ irin, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì Agége lóru, wọ́n ṣì wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ọgbà tí kò ní pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó jáde lẹ́yìn wa ti ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní casual.

Ibi méjì ni eegun ti ń kán jù ládùúgbò yìí, ìdí ẹ̀rọ àti ojú títì. Ẹ̀rọ fẹ́ràn ìka àti ọwọ́. Ojú títì fẹ́ràn itan àti ojúgun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ìkẹjà wà nínú wọn, Agége kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìgboro wa mọ̀ pé láàárín Ìkẹjà àti Agége, kò sí odò, kò sí odi.

Ẹ óò rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2023, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ sí Alausa, níbi tí ojú irin ti dá títì kọjá ní PWD, lẹ́bàá Ṣógunlẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà ló kú. Àwọn tó fara pa pọ̀ gan-an, LASUTH ní Ìkẹjà ni wọ́n sì kó wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ kan náà ni àwọn ará ìlú ti ya lọ síbẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹ má sì gbàgbé pé àsìkò ìdìbò gómìnà ni, tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn le sí ara wọn ní Èkó yìí.

Mo mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo wá sọ pé a kò láàánú. A láàánú. Àánú wa yára, kì í pẹ́ ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, èrò kún. Lóṣù kẹta, aláìsàn ń ka òrùlé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká tọ ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, ká wo ibi tó ń bá owó lọ. Ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù ni mo kó pọ̀ di ẹyọ kan. Ọkùnrin ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ń tún fíríìjì ṣe ní Agége, eegun itan rẹ̀ kán nígbà tí ọkọ̀ gbá a. Àwọn tó wà nítòsí gbé e sínú márúwá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa tó jáde ní 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó gbé aláìsàn wá ní àwọn ibòmíì: ta ló fẹ́ san dìpọ́síìtì? Lọ́jọ́ kìíní yìí, owó ń jáde láti ibi gbogbo. Ẹ́síréè, ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ ìrora, ṣọ́ọ̀ṣì gbé igbá, ará àdúgbò dá owó, ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun fi nǹkan ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà ní irin ni àwọn máa fi sí i. Aláìsàn ní láti ra irin náà. Bí owó irin kò bá pé, wọn á so ẹsẹ̀ náà kọ́, wọn á gbé nǹkan tó wúwo kọ́ ọ kí eegun má bàa gun orí ara wọn, ọkùnrin náà á sì máa wo òrùlé títí owó yóò fi pé. Ọjọ́ tí ó ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ń gba owó.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ibí yìí ni ojú àwa aláàánú ti ń kúrò, nítorí a rò pé ó ti parí. Eegun itan àgbàlagbà lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó mọ́ ara wọn dáadáa, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ lọ fi ara han dókítà, kò lè wọ dáńfó, torí pé ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká. Takisí ló máa háyà ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ tún fi ti àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn padà kún un, ìyẹn physiotherapy, tó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò sí iṣẹ́, kò sí owó ilé. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ kú nínú ilé bẹ́ẹ̀? Owó ọjà ìyàwó ni. Obìnrin tó ń ta ata àti tòmátò, tó ní owó díẹ̀ tó ń yí, á mú un lónìí san takisí, á mú un lọ́la ra oògùn, títí igbá á fi ṣófo. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ bá fi máa jinná, ẹni méjì ni kò níṣẹ́ mọ́.

Lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó á pinnu pé òun kò lọ mọ́. Orúnkún á gan. Ẹni tó yẹ kó máa rìn á wá di ẹni tó ń fi ọ̀pá sábẹ́ apá. Bí ẹ bá wo ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ láṣeyọrí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ sọ pé, kí ló dé tí kò kúkú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé? Àwọn kan gbọ́ iṣẹ́ náà, n kò ní pa irọ́ mọ́ wọn. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn adìẹ tí wọ́n dá lẹ́sẹ̀, pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn náà á rìn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà eegun ti kọ ọ́ léraléra pé nínú àwọn tí wọ́n ń gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀, pàápàá àwọn ọmọdé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé igi tí wọ́n fi dì wọ́n ló le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá, tí ẹran ara sì kú. Ohun tó ń gbé ènìyàn lọ síbẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Wọ́n sún mọ́lé, wọ́n mọ àwọn ará ilé rẹ, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí aláìsàn dúró sọ́dọ̀ dókítà gbọ́dọ̀ wá owó takisí oṣù kejì fún un. Gbogbo ìwàásù yòókù, ariwo ni.

Ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì tí gbogbo wa mọ̀, 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún ni láti mú ènìyàn padà sí ìrìn àti iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé èyí: ọgbọ́n wọn nígbà náà kò parí sórí kí eegun lẹ̀ mọ́ eegun.

Mo tún fẹ́ kí a rántí ọkùnrin kan. Ẹni tó ń gba Mobolaji Bank-Anthony Way lójoojúmọ́ lè rò pé orúkọ títì lásán ni. Ọlọ́lá gidi ni Sir Mobolaji Bank-Anthony, wọ́n bí i ní 1907, ó kú ní 1991. Òun ló kọ́ Ayinke House fún àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn Ìkẹjà, ó sì fún ìjọba ní ọ̀fẹ́. Ilé ìwòsàn yẹn kò ju kékeré lọ nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá a sílẹ̀ ní 1955. Òun ló wá di LASUTH ní 2001. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń bẹ, Ọlọ́run yóò máa fi wọ́n fún wa. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fúnni nílò ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ayinke House fi wà ní títì fún àtúnṣe kí wọ́n tó tún un ṣí. Mo sọ èyí nítorí pé mo gbọ́ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé ká kọ́ wọ́ọ̀dù, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára. Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ fi kùn ún lọ́dún kẹwàá?

Ẹjọ́ tí mo sọ pé mo fẹ́ rò wá nìyí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Casual ni níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Ẹ̀rọ mú ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìjọ rẹ̀ kó owó jọ. Àwọn tó jọ ń gbé ilé kan náà kó owó jọ. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà mú owó wá, tí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́ iye tó jẹ́ àti ohun tó ń jẹ lóòjọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, máníjà kan dé láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìdajì àpò ìrẹsì, páálí mọ́ọ̀tì kan àti àpòòwé. Ó mú ìwé kan jáde. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti yanjú ohun gbogbo, pé kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Ó ní kó tẹ̀ka sí i. Ọwọ́ òsì ló máa fi tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ìka lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́ ju àtàǹpàkò lọ.

Àwọn ará ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ máníjà. Wọ́n ní ó ṣàánú.

Ẹ̀yin ará, òfin kan wà tó ń jẹ́ Employees' Compensation Act, 2010 ni wọ́n ṣe é. Ó ní kí gbogbo ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ máa dá náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tó ń san sí àpò kan lọ́dọ̀ NSITF, kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Òfin náà sọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́, ó ní casual wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́ láìsí ìwé wà níbẹ̀. Ó ní jàǹbá tó bá bá ènìyàn lójú ọ̀nà tó máa ń gbà láti ilé sí ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí; ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí; ọdún kan ni wọ́n fi ní àyè láti béèrè owó náà. Bí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá sì jọ ṣe àdéhùn pé kí òṣìṣẹ́ yááfì ẹ̀tọ́ rẹ̀, òfin kò mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìwé tí máníjà mú wá kò ju páálí tí wọ́n ń ṣe lọ.

Ó kù ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ 14 pé. Agbẹjọ́rò kan tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ ló bá wọn kọ lẹ́tà. Ó pẹ́ o, n kò ní tàn yín. Ó lọ, ó bọ̀, fáìlì sọnù, wọ́n tún rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọkùnrin náà wá gbà ju gbogbo ohun tí ìjọ, àdúgbò àti ìyá ẹlẹ́kọ kó jọ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Owó rẹ̀ ni. Kì í ṣe ìtọrẹ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà nìyí: bí àwa aláàánú bá yára jù, tí a kò béèrè ìbéèrè kankan, a lè bá ẹni tó jẹ gbèsè bo gbèsè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó ìyá ẹlẹ́kọ ń lọ dí ihò tó yẹ kí ilé iṣẹ́ dí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí àpò ìrànwọ́ wa máa béèrè, tí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó kán, ni pé: ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè? Bí ẹ̀rọ bá ni, ọjọ́ mélòó ló kù nínú 14? Bí ọkọ̀ bá ni, ṣé ọkọ̀ náà ní ìwé adójútòfò? Ìwé third-party tí gbogbo wa ń rà láti fi han ọlọ́pàá lójú títì, ìtọ́jú ẹni tí ọkọ̀ bá gbá gan-an ló wà fún. Ẹ̀yin melòó ló mọ ẹnì kan tó ti fi gba owó ìtọ́jú rí? Mo béèrè ní gbọ̀ngàn, ọwọ́ méjì ló lọ sókè.

Mi ò ní kí ebi máa pa aláìsàn títí gbèsè á fi wọlé. Àpò wa lè gbé e ró ní àsìkò tí ìwé ń rìn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ni kó kọ́kọ́ lọ.

Àwọn míì wà tí kò sí ẹni tó jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó ń kiri búrẹ́dì láàárín ọkọ̀, tí ẹni tó gbá a sá lọ. Ẹni tó ṣubú nínú kànga ilé ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí sínú. Èyí ìkẹyìn yìí dùn mí jù, nítorí pé ó rọrùn láti tọ́jú. Ọ̀nà tí Dókítà Ignacio Ponseti lànà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé: wọn á rọra fi ọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọn á fi POP sí i, wọn á máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ọmọ á máa wọ bàtà tó ní irin láàárín lóru títí á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá tó ń gbé e bọ̀ láti Ìjú tàbí Alágbàdo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìṣòro wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Owó ọkọ̀ ló dúró láàárín ọmọ yẹn àti bọ́ọ̀lù gbígbá.

Ẹ tún wo ọmọ tó nílò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ọmọ ń dàgbà, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kì í dàgbà. Ẹni tó fún un ní ẹyọ kan lónìí, tó ya fọ́tò, tó sì lọ, ó fún un ní bàtà tí kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láìpẹ́. Nílùú Èkó wa níbí, IREDE Foundation tí Arábìnrin Crystal Chigbu dá sílẹ̀ ní 2012 ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ọmọdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ghana, Dókítà Oheneba Boachie-Adjei bẹ̀rẹ̀ FOCOS ní 1998 fún àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn wọ́, ọdún 2012 ni wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn wọn nítòsí Accra. Ọdún mẹ́rìnlá ni láàárín méjèèjì. N kò rò pé ayẹyẹ ọjọ́ kan lè gbé ènìyàn rin ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí a jí ọgbọ́n rẹ̀ ni ti àwọn SIGN. Oníṣẹ́ abẹ eegun kan tó ń jẹ́ Lewis Zirkle ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999. Irin tí wọ́n ń tì sínú eegun itan àti ojúgun ni wọ́n ń fún àwọn ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kí dókítà fi àwòrán ẹ́síréè ẹni tó lo irin náà ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń lọ, bí ìròyìn bá ti wọlé ni irin míì ń bọ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Wọn kò béèrè fọ́tò ojú aláìsàn. Eegun ni wọ́n fẹ́ rí.

Àwa ńkọ́? Mo ti kọ ìròyìn launching tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kéde mílíọ̀nù kan níhìn-ín, mílíọ̀nù méjì lọ́hùn-ún, èrò á pàtẹ́wọ́, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí olóòtú kankan tó tíì rán mi padà rí lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà pé kí n lọ béèrè iye tó wọlé. Ẹ tún yọ owó gbọ̀ngàn, owó kánópì, owó olórin, owó aṣọ ẹgbẹ́. Mi ò ní ká má ráńṣọ o, èmi náà ti sanwó tèmi.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn Igbóbì ni Ṣómólú wà, Ṣómólú sì ni aláàjọ tí gbogbo Èkó fi ń ṣàpèjúwe orí pípé, ẹni tí wọ́n ní ó ta mọ́tò mẹ́ta kó lè ra kẹ̀kẹ́. A máa ń fi í ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n bàbá náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló lè wọ àárín ìsọ̀ lójoojúmọ́ láti gba owó díẹ̀díẹ̀. Àjọ ni mo fẹ́ kí a dá. Bí 100 nínú wa bá ń dá ₦2,000 lóṣooṣù, ₦200,000 nìyẹn. Kò lè ra irin kan tán níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó lè san takisí àwọn aláìsàn mélòó kan fún odidi oṣù kan, kó sì dá owó ata padà sínú igbá obìnrin kan. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ₦200,000 míì á tún dé. Eegun á mọ̀ pé a ń bọ̀.

Bí a ṣe máa ná an náà ṣe pàtàkì. Owó ilé ìwòsàn, káṣíà ni ká san án fún, ká gba rìsíìtì. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀ka Social Welfare wà, àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí kò ní ẹnìkan, àwọn ni kí wọ́n máa tọ́ka wa sí i, kì í ṣe ẹni tó bá mọ alága wa. Owó ọkọ̀ àti owó ọjà, ọwọ́ ìdílé ni kó bọ́ sí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹni méjì nínú wa máa gba aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pè é lórí fóònù títí dókítà á fi ní kó máa rìn láìsí ọ̀pá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìwé yìí. Iṣẹ́ mi ni fọ́tò, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọkùnrin tó ń gba àpòòwé lọ́wọ́ wa nínú aṣọ ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ á rí àwòrán yẹn lọ́jọ́ kan.

Ẹni tí kò bá ní ₦2,000, ó ní ẹ̀jẹ̀. Bí ara ọkùnrin bá le, ó lè fi sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lóṣù mẹ́rin mẹ́rin, àwọn nọ́ọ̀sì á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Kò yẹ ká dúró de ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá tún kọlu nǹkan.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀gá wa kan láti sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dìde, ó ní àwọn ti fún àwọn olórin ní àsansílẹ̀ fún launching, kí ni kí àwọn ṣe? Ẹ̀rín pọ̀. Ìbéèrè gidi ni, ìgbìmọ̀ sì máa jókòó lé e lórí ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀. Ìwé àjọ náà wà lọ́wọ́ akápò wa. Nígbà tí mo kúrò ní gbọ̀ngàn, orúkọ 17 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò inú wa, orúkọ yín kò tíì sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin la nílò jù fún lẹ́tà ọjọ́ 14 yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí a lè rí yín ní ọ́fíìsì.